Sílíńdà Kẹta: Ìtàn Ọ́ìlì-Kúlà Nínú Ọkọ̀ Ìjàpá, Láti Wolfsburg dé Ọ̀jọ́, títí dé Fidjrossè

Ìtàn ọkọ̀ la gbé wá lónìí. Ọkọ̀ kékeré tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ni: Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Ìjàpá, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Coccinelle.

Ẹni tó bá ti tú ẹ́ńjìnì Ìjàpá àtijọ́ tó mélòó kan mọ ohun kan. Sílíńdà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá máa dé, sílíńdà kẹta ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Fáàfù rẹ̀ a jó, orí fáàfù a já sórí písítìnì, ẹ́ńjìnì á sì dákẹ́ lójú pópó. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, awakọ̀ la kọ́kọ́ ń bú pé ó sáré jù. Bí a bá bú awakọ̀ tán, a ó yíjú sí mẹkáníìkì pé kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Láti ilé ni ọkọ̀ náà ti gbé àìsàn wá, ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ onílé ọkọ̀ ò mọ orúkọ rẹ̀ ló sì fà á: ọ́ìlì-kúlà.

Ìtàn yìí kan àpò wa. Ní Fidjrossè lónìí, bí ẹ bá rí Ìjàpá kan tó ń lọ jẹ́jẹ́ létí òkun, ẹni tó ni ín ti náwó sí i gan-an. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀, róbà rẹ̀, fáàfù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣòro láti rí. Ẹnìkan á sì wá bá a pé kó ra ọ́ìlì-kúlà tuntun kó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, pé gbogbo ìgbóná á tán. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì yóò gbà kú. Ẹni tó bá mọ ìtàn ló máa mọ ìyàtọ̀.

KÍ NI Ọ́ÌLÌ-KÚLÀ Ń ṢE?

Iṣẹ́ méjì ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnì. Àkọ́kọ́, kì í jẹ́ kí irin fi ara gbo irin. Èkejì, òun ló ń gba ooru lára àwọn ibi tí omi tàbí atẹ́gùn kò lè dé, bí abẹ́ písítìnì, àwọn bẹ́rìn, àti ìdí fáàfù. Ó ń gbé ooru náà sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ló ti ń tutù díẹ̀ kó tó tún gòkè.

Bí ooru bá wá pọ̀ ju ohun tí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì lè tù lọ, ọ́ìlì á máa gbóná sí i. Ọ́ìlì tó gbóná jù á ṣàn bí omi. Bí ó bá kọjá nǹkan bí 120°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, ọ́ìlì lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á dúdú, á sọ agbára nù. Kò ní lè ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára irin mọ́. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ kó-kó-kó, àwọn mẹkáníìkì á sì ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì.

Ọ́ìlì-kúlà ni rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Inú rẹ̀ jẹ́ ihò tóóró-tóóró, ara rẹ̀ sì ní ewé irin pẹ́lẹbẹ-pẹ́lẹbẹ. Atẹ́gùn á fẹ́ lára ewé wọ̀nyí, á kó ooru lọ, ọ́ìlì á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ara tútù díẹ̀. Ohun tó ń ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló dá wàhálà sílẹ̀.

ỌKỌ̀ TÍ KÌ Í MU OMI

Ní ọdún 1930 sí 1939, Ferdinand Porsche àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ń wá ọkọ̀ tí ará ìlú lásán lè rà. Franz Reimspiess ló ya ẹ́ńjìnì rẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin ni, méjì dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún, méjì dùbúlẹ̀ sápá òsì, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Wọn kò fi omi sí i rárá. Fáànù ńlá kan ló ń fa atẹ́gùn, tó ń fẹ́ ẹ sórí àwọn sílíńdà. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1938 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ náà lélẹ̀, níbi tí a mọ̀ sí Wolfsburg lónìí.

Ogun dé kí ará ìlú tó rí ọkọ̀ náà rà. Ẹ́ńjìnì yẹn ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Kübelwagen, èyí tí ọmọ ogun Jámánì gbé lọ sí aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà. Níbẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn: níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n fún ènìyàn láti mu, ọkọ̀ tí kì í mu omi wúlò púpọ̀. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó. Ọ̀gágun Ivan Hirst ló tún un gbé dìde, ìgbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún aráyé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mu omi gbọ́dọ̀ rí nǹkan mìíràn tí yóò fi tutù. Nítorí pé kò sí omi nínú ẹ́ńjìnì Ìjàpá, ẹrù tó wà lọ́rùn ọ́ìlì pọ̀ ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́ìlì náà ò tó nǹkan: lítà méjì ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ya ẹ́ńjìnì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní ọ́ìlì-kúlà láti ilé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ayé ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, Ìjàpá ti ní tirẹ̀.

Wọ́n tún fi ọgbọ́n kan kún un. Lábẹ́ ẹ́ńjìnì ni ọ̀pá kékeré kan wà tí sípíríǹgì ń tì lẹ́yìn. Láàárọ̀, tí ọ́ìlì bá ṣì nípọn, agbára rẹ̀ á ti ọ̀pá náà sísàlẹ̀, ọ́ìlì á gba ọ̀nà kúkúrú lọ tààrà sí àwọn bẹ́rìn láìkọjá nínú kúlà. Bí ọ́ìlì bá gbóná tó sì rọ̀, sípíríǹgì á ti ọ̀pá padà sókè, ọ́ìlì á sì di dandan kó gba inú kúlà kọjá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

IBI TÍ ÀÌSÀN TI WỌLÉ

Inú páànù ńlá tó bo fáànù ni wọ́n gbé kúlà náà sí, ó dúró gbọnrangandan lápá òsì ọkọ̀. Apá òsì yẹn ni sílíńdà kẹta àti ìkẹrin wà. Atẹ́gùn tó yẹ kó lọ tu sílíńdà kẹta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àárín ewé kúlà kọjá. Kí ló wá dé ọ̀dọ̀ sílíńdà kẹta? Atẹ́gùn tó ti gbóná, tí kò sì pọ̀ tó. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti jẹ kù kò lè yó bí ẹni tó kọ́kọ́ bu ọwọ́ sí i.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì kéré, ara gbà á. Àwọn Ìjàpá tó jáde lẹ́yìn ogun, agbára ẹṣin 25 ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń fẹ́ kó sáré sí i. Ní 1954 ó di 30. Ní 1960 ó di 34. Ní 1965 ẹ́ńjìnì 1300 dé pẹ̀lú 40, ní 1966 ẹ́ńjìnì 1500 dé pẹ̀lú 44, nígbà tó sì di 1970, ẹ́ńjìnì 1600 ti dé 50. Agbára di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ibi tí agbára bá ti pọ̀, ooru náà á pọ̀. Ṣùgbọ́n kúlà ṣì dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, sílíńdà kẹta ló sì ń san gbèsè náà.

Ilé iṣẹ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ ta ni pé wọ́n ṣe dísítíríbútọ̀ tó jẹ́ pé iná púlọ́ọ̀gì sílíńdà kẹta máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kí ìgbóná rẹ̀ lè dín kù. Ìyẹn dà bí kí a máa bu oúnjẹ díẹ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn kí inú má baà rún un. Ó ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò wo àìsàn náà sàn.

Ìwòsàn gan-an dé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ọdún 1971, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní oṣù Kẹjọ 1970. Wọ́n yọ kúlà kúrò lójú ọ̀nà atẹ́gùn sílíńdà kẹta, wọ́n kọ́ ilé kékeré tirẹ̀ sẹ́yìn páànù fáànù, wọ́n sì la ọ̀nà fún un kí atẹ́gùn gbígbóná tó bá jáde lára rẹ̀ lè bọ́ síta láìkan sílíńdà kankan. Wọ́n tún mú kí fáànù fẹ̀ sí i kí atẹ́gùn lè tó fún gbogbo wọn. Nítorí bí ilé kékeré náà ṣe rí, àwọn mẹkáníìkì òkè òkun ń pè é ní ilé ajá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun ni sílíńdà kẹta tó rí atẹ́gùn tútù gbà bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

BÍ ÌJÀPÁ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ayé ìjọba òyìnbó, ẹnubodè pín ọkọ̀ wa bó ṣe pín àwa náà. Ní Dahomey, ọkọ̀ Faransé ló pọ̀: Peugeot, Renault, àti Citroën. Ní Nàìjíríà, ti Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀: Morris, Austin, Ford. Ìjàpá ò bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tan, síbẹ̀ ó wọ ìlú méjèèjì.

Ní Áfíríkà, eré ìje ló fi orúkọ ṣe. Nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹrẹ̀ àti eruku ti ń ba ọkọ̀ ńláńlá jẹ́, Ìjàpá gba ipò kìn-ín-ní ní 1954, ní 1957 àti ní 1962. Ẹni tó bá mọ irú ọ̀nà tí a ní láàárín Pọbẹ̀ àti Kétu nígbà òjò láyé ìgbà náà yóò mọ ìdí tí àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣòwò wa fi fẹ́ràn ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ Faransé kan wà tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Ìjàpá nínú ọ̀rọ̀ yìí: Citroën 2CV, tó jáde ní Paris ní oṣù Kẹwàá 1948. Òun náà kì í mu omi. Sílíńdà méjì péré ló ní, fáànù wà níwájú rẹ̀, ọ́ìlì-kúlà kékeré sì wà lẹ́yìn fáànù náà gan-an, láàárín sílíńdà méjèèjì, níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní 1973, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan wa 2CV láti Abidjan gba aṣálẹ̀ Ténéré kọjá títí dé Tunis. Ẹ́ńjìnì kékeré yẹn tó ń fi atẹ́gùn àti ọ́ìlì tutù ló gbé wọn la iyanrìn Sàhárà já. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kúlà kò ní láti tóbi. Bí wọ́n bá ti gbé e síbi tó yẹ, ó tó.

Ní ìhà tiwa, ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún bí àwa. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní Èkó àti ní Kútọnu, ìdarí rẹ̀ ò ní wà lápá òdì mọ́. Èkejì, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, létí òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì. Òpópónà yẹn kan náà ló ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tó ń wọ Kútọnu. Ọdún 1975 yẹn náà ni Dahomey di Bẹ̀nẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá.

Ẹ wo ibi tí ìtàn gbé wa dé. Ọkọ̀ ń ti Yúróòpù bọ̀ gba èbúté Kútọnu, ọkọ̀ mìíràn ń ti Ọ̀jọ́ bọ̀. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ́ńjìnì kan bá kú, mẹkáníìkì á wá òmíràn fi dípò rẹ̀. Páànù ọdún 1966 á bọ́ sórí ẹ́ńjìnì ọdún 1973, kúlà àtijọ́ á bọ́ sára ẹ́ńjìnì tuntun. Nítorí náà, bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé ọdún 1974 ni wọ́n ṣe Ìjàpá yín, ìyẹn ò sọ pé sílíńdà kẹta rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ojú ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kí ẹ yọjú wo ẹ̀yìn páànù fáànù lápá òsì ọkọ̀. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré tó yọ síta níbẹ̀, kúlà tuntun lẹ ní. Bí ẹ̀yìn páànù náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, kúlà àtijọ́ ni, ó ṣì jókòó sórí ọ̀nà atẹ́gùn sílíńdà kẹta.

ÀṢÀ TÓ TI ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ WÁ

Níbo wá ni àṣà síso kúlà mìíràn mọ́ ọkọ̀ kékeré ti wá? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ni. Ní 1959, Alec Issigonis gbé Mini jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mini ń mu omi, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀: ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnì àti gíàbọ́ọ̀sì, nítorí inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Mini Cooper bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò kìn-ín-ní ní Monte Carlo, ní 1964, 1965 àti 1967, ìgbóná ọ́ìlì di ọ̀rọ̀ ńlá. Láti 1966 ni wọ́n ti ń fi ọ́ìlì-kúlà sí Cooper S láti ilé iṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré ti ń rò pé ohun tó dára fún ọkọ̀ ìje á dára fún tòun náà. Àwọn oníṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kúlà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so. Òótọ́ ni pé fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní eré àsápajúdé fún wákàtí púpọ̀, ó wúlò. Ṣùgbọ́n láti Fidjrossè dé Ganhi kì í ṣe Monte Carlo. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni tiwa, níbi tí ọkọ̀ ò ti rìn, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́. Kúlà tí kò ní fáànù tirẹ̀, tí wọ́n kàn so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kò ní wúlò púpọ̀ bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan.

BÍ A BÁ FẸ́ FI SÍ ỌKỌ̀ NÍ FIDJROSSÈ

Àwọn àgbà ní àgbàrá ń ba ọ̀nà jẹ́, ó ní òun ń tún ọ̀nà ṣe. Kí a má ṣe bí àgbàrá. Kí a tó ra kúlà kankan, àwọn ohun kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, púpọ̀ nínú wọn ò sì gba owó ńlá.

Ẹ wo àwọn páànù tó bo ẹ́ńjìnì. Inú yàrá ẹ́ńjìnì Ìjàpá pín sí méjì: atẹ́gùn tútù lókè, atẹ́gùn gbígbóná nísàlẹ̀. Páànù àti róbà tó yí ẹ́ńjìnì ká ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí páànù kan bá ti sọnù nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ́báọ́ọ̀lù, tàbí tí róbà ti já, fáànù á máa fa atẹ́gùn gbígbóná padà sórí ẹ́ńjìnì. Ẹ lè so kúlà mẹ́ta mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, á ṣì máa gbóná.

Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù. Bẹ́líìtì yẹn ló ń yí dínámò àti fáànù pọ̀. Bí ó bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á rọra wà á dé ilé, ẹ́ńjìnì ló fi ń ta.

Ẹ wo kúlà tó wà níbẹ̀ gan-an. Fidjrossè jẹ́ etí òkun. Iyọ̀ inú atẹ́gùn ń jẹ irin, iyanrìn láti Route des Pêches ń wọ gbogbo ibi. Bí ọ́ìlì bá ń jò díẹ̀díẹ̀, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, àárín ewé kúlà á sì dí bí ìgbà tí a fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹ bá sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ nínú àti níta. Bí bẹ́rìn bá ti bàjẹ́ rí nínú ẹ́ńjìnì náà, ẹ má tún lo kúlà yẹn mọ́, nítorí eérún irin máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀, á sì padà wá ba bẹ́rìn tuntun jẹ́.

Ẹ wo ọ̀pá kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí ó bá há sísàlẹ̀, ọ́ìlì kò ní gba inú kúlà mọ́ bó ti wù kó gbóná tó. Bí ó bá há sókè, agbára ọ́ìlì tútù láàárọ̀ lè fọ́ kúlà. Ṣíṣí i, nínù ún, àti dídá a padà kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Àwọn ẹ́ńjìnì tó jáde láti 1970 sábà máa ń ní méjì irú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ róbà ìdí kúlà. Ihò ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àtijọ́ kéré, mìlímítà 8 ni, ti àwọn tó dé lẹ́yìn jẹ́ 10. Nítorí pé a ti da ẹ̀yà ara wọn pọ̀ mọ́ra wa, ẹni tó bá fi róbà tí kò bá ihò mu sí i á rí ọ́ìlì nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Róbà àkànṣe wà fún pípa àtijọ́ àti tuntun pọ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára, tí kúlà yín bá jẹ́ ti àtijọ́, owó tó dára jù lọ láti ná ni láti fi ti ilé ajá dípò rẹ̀, pẹ̀lú páànù àti fáànù tó fẹ̀ tó bá a mu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rìn pọ̀. Kúlà tuntun nínú páànù àtijọ́, ìyàwó tuntun nínú ilé tó ń jò ni.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kúlà ìta lẹ́yìn ìyẹn, bóyá nítorí pé ẹ máa ń wa ọkọ̀ náà lọ sí Parakou tàbí Ìbàdàn, ẹ fi sí ibi tí atẹ́gùn wà tí òkúta ò sì dé, bí òkè gíàbọ́ọ̀sì, kí ó sì ní fáànù iná tirẹ̀. Ẹ má gbé e sítòsí sàlẹ́ńsà. Ẹ má yọ ti ilé iṣẹ́ kúrò, olùrànlọ́wọ́ ni ti ìta. Họ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ́ìlì gbígbóná gan-an. Họ́ọ̀sì bẹntiróòlù kò lè gbà á, á rọ̀, á bẹ́. Ẹ rántí pé lítà méjì ààbọ̀ péré ni gbogbo ọ́ìlì. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ lójú pópó, gbogbo rẹ̀ lè ti dà nù kí awakọ̀ tó rí iná tó tàn níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ tan ẹ́ńjìnì díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ tún wọn ọ́ìlì, nítorí kúlà àti họ́ọ̀sì ti mu nínú rẹ̀.

Ẹ sì fi tẹ́mósítáàtì ọ́ìlì sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọ́ìlì bá ti tutù tó ni ó dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tí kì í gbóná dé nǹkan bí 80°C kò lè lé omi tó wọ inú rẹ̀ jáde. Ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ bí Kútọnu, tí ènìyàn kàn ń wakọ̀ láti ilé lọ sí ọjà kó tó pa á, omi náà á pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á di nǹkan funfun bí ògì lábẹ́ ọmọrí. Ògì yẹn náà ń ba bẹ́rìn jẹ́.

Ní ti ọ́ìlì fúnra rẹ̀, Ìjàpá kò ní fíìtà bí ọkọ̀ òde òní, asẹ́ irin lásán ló ní nísàlẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó lè dípò pípààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ohun tí wọ́n ń pè ní vidange nínú gáréèjì Kútọnu. Kílómítà 5,000 ni ilé iṣẹ́ ní kí a máa ṣe é. Ẹ tún máa wo àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Bí àlàfo fáàfù sílíńdà kẹta bá ń dín kù léraléra, fáàfù yẹn ń nà ni, ó fẹ́ já. Ìkìlọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ kó tó pariwo.

OHUN TÓ KÙ LỌ́WỌ́ WA

Ìjàpá tó jáde kẹ́yìn ní Jámánì kúrò ní ilé iṣẹ́ Emden ní oṣù Kìn-ín-ní 1978. Èyí tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní Mẹ́síkò ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003, ó sì jẹ́ ìkọkànlélógún mílíọ̀nù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: 21,529,464. Ní Ọ̀jọ́, Volkswagen fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti dẹnu kọlẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ èbúté Kútọnu bí omi, tí àwa ń pè ní venu de France, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní tòkunbọ̀. Gbogbo wọn ń mu omi. Kò sí èyí tó nílò ọgbọ́n sílíńdà kẹta.

Nítorí náà, ìmọ̀ yìí ń kú. Mẹkáníìkì tó lè fi etí lásán mọ̀ pé fáàfù kẹta ti ń na ara ti darúgbó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn ń fẹ́ kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà wo ọkọ̀ òde òní, a ò sì lè bá wọn wí, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí mọ̀ ju ti ọkọ̀ kan lọ. Láìka ìwé ilé iṣẹ́ kankan, wọ́n fi ọwọ́ àti ojú rí i pé sílíńdà kan ń jìyà ju àwọn yòókù lọ. Ọdún púpọ̀ làwọn ènìyàn fi ń dá wọn lẹ́bi pé ọwọ́ wọn ni ẹ́ńjìnì ń kú sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ gbé kúlà kúrò níbi tó wà ní 1970, ìyípadà náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé àléébù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ̀yin tí bàbá yín wa Ìjàpá, ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín ṣiṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ìbàdàn, ẹ bá wa sọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gáréèjì yín, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà. Bí ẹ bá sì ní àgbà mẹkáníìkì kan ládùúgbò tó ṣì mọ iṣẹ́ yìí, ẹ rán ọmọ kan sí i kó tó pẹ́ jù.